Orúkọ Tí Kò Gbọdọ̀ Sọnù: Bí A Ó Ṣe To Fọ́tò Ẹgbẹ́ Wa Sórí Kọ̀ǹpútà
Ọ̀rọ̀ láti ẹnu akọ̀wé ẹgbẹ́ níbi àjọ̀dún

 

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ẹgbẹ́ la fẹ́ sọ. Láyé àtijọ́, fọ́tò kì í pọ̀. Fọ́tógiráfà á ya méjì mẹ́ta, a ó kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó parí. Ní báyìí tí gbogbo wa ń fi fóònù ya fọ́tò, ìpàdé kan lè mú igba fọ́tò wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ò ṣeé kọ nǹkan sí. Nọ́ńbà lásán là ń rí: IMG báyìí, DSC báyìí. Ta ló jókòó níbẹ̀? Ọdún wo ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Bí ọ̀kan nínú wa bá papò dà, àwọn ọmọ á sáré wá béèrè fọ́tò ìyá wọn. Àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ sì ń dàgbà. Àwọn nìkan ló mọ orúkọ gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́.

Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà fún iṣẹ́ yìí. Photoshop Elements ní Organizer tirẹ̀. Adobe kan náà gbé Lightroom jáde ní 2007. digiKam náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Kátálọ́ọ̀gì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fi kátálọ́ọ̀gì wé ìwé ọjà. Ìwé ọjà kì í ṣe ọjà. Ìwé sọ pé àpò ìrẹsì mẹ́wàá wà ní igun báyìí. Bí ọmọ ìsọ̀ bá gbé e kúrò láìkọ ọ́, ibi òfìfo ni ìwé á máa tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò: inú fódà ló wà, kátálọ́ọ̀gì kàn mọ ibẹ̀ ni. Bí a bá fẹ́ kó fọ́tò lọ sí fódà mìíràn, inú ètò yẹn ni ká ti kó o.

Ohun mẹ́rin ni ká dì mú.

Èkíní, ọjọ́. Káàmẹ́rà máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú fọ́tò, nítorí náà kí aago rẹ̀ tọ̀nà. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, ó máa ń fún un pọ̀, á sì yọ àkọsílẹ̀ yẹn kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.

Èkejì, àmì. Fọ́tò kan lè gba àmì púpọ̀: Àjọ̀dún, Olùdásílẹ̀, orúkọ èèyàn. A ò ní láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí fódà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá pọ̀ lọ́jà o! Orúkọ gan-an àti ìlà ìsọ̀ ni ká kọ, ká sì máa kọ ọ́ bákan náà nígbà gbogbo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà á sọ ẹnìkan di méjì.

Ẹ̀kẹta, ìràwọ̀. Èyí tó dára jù ká fún ní márùn-ún. Èyí tó ṣókùnkùn, tí kò sì wúlò, ká yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀kẹrin, ìpamọ́. Ètò náà máa ń kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo Picasa, Google sì pa á tì ní 2016. Nítorí náà, ká yan ibi tí ètò náà ti lè kọ orúkọ sínú fáìlì fọ́tò gan-an. Lightroom àti digiKam ń ṣe é. Bí ètò bá kú, orúkọ ò ní bá a lọ. Ẹ̀dà kátálọ́ọ̀gì kì í sì í ṣe ẹ̀dà fọ́tò: méjèèjì ni ká ṣe ẹ̀dà wọn, kí ọ̀kan wà níta ọjà nítorí iná.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé: ẹ mú àwọn ìyá àgbà wá sípàdé, kí wọ́n dárúkọ ojú kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ni ká kọ́kọ́ ṣe. Ìràwọ̀ lè dúró, àgbà ò lè dúró títí.