Omi Ọ̀ṣun

Ní ọdún Ọ̀ṣun tí ó kọjá, a lọ sí Òṣogbo. A rí Arugbá. A rí àwọn tí ó ti ilẹ̀ Brazil wá. Láti 2005 ni UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní òkè odò, ni ó dà á rú. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Síbẹ̀ àwọn olùjọ́sìn ń bù ú mu.

Oníwàásù ni wá, a kì í bọ odò. Ṣùgbọ́n omi tí ó bàjẹ́ kì í bi ènìyàn ní ẹ̀sìn kí ó tó pa á lára. Ẹ̀yin Olóyè, ẹ bá àwọn onílẹ̀ òkè odò sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò mu omi mímọ́ ní ìsàlẹ̀ odò, òkè ni yóò ṣọ́.