Ẹ̀jẹ̀ Ẹran, Odò Ọ̀tà àti Ọmọ Yunifásítì Tí Ó Jẹ́ Mùsùlùmí

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀rọ̀ bíba àyíká jẹ́ bá dé ní Ọ̀tà, èéfín ilé-iṣẹ́ Sango ni gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí. Òótọ́ ni, èéfín náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nílẹ̀ tí ó kan àwọn Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan, tí ti Covenant University ní Ọ̀tà wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí odò Illo. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ni ipa tí omi ìdọ̀tí láti ilé ìpẹran ń ní lórí odò náà. Bí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù bá wọ odò tí wọ́n sì ń jẹrà, wọn a gba atẹ́gùn tí ẹja fi ń mí. Èyí tí ó bá jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò dé a máa tú gáàsì mẹ́táànì sí òfurufú, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tí ń mú ayé gbóná.

Ta ni àwọn alápatà ilẹ̀ Yorùbá? Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́hun kí ọ̀bẹ tó kan ọ̀fun ẹran. Wọ́n mọ̀ pé Ànábì pàṣẹ pé kí ọ̀bẹ mú, kí ẹran má baà jẹ̀rora. Ànábì yìí kan náà ni ó kìlọ̀ fún ẹni tí ń ṣu sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi pé ó ń fa ègún sórí ara rẹ̀. Ǹjẹ́ ìgbẹ́ odidi agbo màlúù wá kéré sí ti ẹnì kan ṣoṣo bí?

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwádìí yẹn, inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó sì wà. Alápatà kò lè bá a pàdé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì ni ó yẹ kí ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àgbà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀rọ̀ ti wá. Odò kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ń pọn ún.

Ẹ má sì lọ bá wọn pẹ̀lú ìbáwí nìkan. Ní Ìbàdàn, Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ láti sọ ìdọ̀tí ilé ìpẹran Bódìjà di gáàsì ìdáná. Ètò náà gba ẹ̀bùn SEED ní ọdún 2005. Ìgbẹ́ tí ń ba odò jẹ́ lè di ohun tí ènìyàn fi ń se oúnjẹ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ wo àgbò Iléyá tiyín. Ẹ gbẹ́ kòtò fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa.