Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Rin Ọ̀nà Jíjìn Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, omi àti oòrùn.

Lóòótọ́, zémidjan pọ̀ lójú ọ̀nà báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Ìgbà mìíràn, ìròyìn á dé pé ara ìyá ẹni kò yá. Ìgbà mìíràn, ọjà ni a fẹ́ lọ tà, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ ni a fẹ́ lọ san. Kẹ̀kẹ́ ń bẹ nílé, ẹsẹ̀ ń bẹ. A ó sì gbéra. Èyí kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a gbéra láìmọ ohun tí oòrùn lè fi ara ènìyàn ṣe. Ẹni tí ó ń lọ bẹ aláìsàn wò, kí òun náà má lọ di aláìsàn lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ooru ara ènìyàn tí ara rẹ̀ dá jẹ́ bíi ìwọ̀n 37. Nígbà tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́, ara yín ń ná agbára. Bí a bá pín agbára yìí sí ọ̀nà mẹ́rin, bíi ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń di ooru nínú ara. Ọ̀nà kan péré ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ooru yìí gbọ́dọ̀ jáde. Òógùn ni ó ń gbé e jáde.

Ẹ wo àmù omi tí ẹ gbé sí kọ̀rọ̀ ilé. Kí ló dé tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù? Nítorí pé omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára àmù, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òógùn ń ṣe lára yín. Ṣùgbọ́n bí omi bá tán nínú àmù, àmù á gbóná. Bí omi bá tán lára ènìyàn, ènìyàn á gbóná.

Báwo ni omi tí ń jáde ṣe pọ̀ tó? Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn líle lè pàdánù lítà 1 òógùn ní wákàtí kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń tàn wọ́n jẹ. Ní apá Ṣábẹ, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lábẹ́ ibòòji. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ó ń gbẹ òógùn kí ẹ tó rí i. Ẹ lè rò pé ẹ kò làágùn rárá. Ní apá Àjàṣẹ́, tí ó súnmọ́ òkun, afẹ́fẹ́ tutù fún omi. Òógùn ń kán sílẹ̀, kò gbẹ, kò sì mú ooru lọ dáadáa. Nítorí náà, ibi méjèèjì ni ewu wà.

Nísinsìnyí, ẹ mú bíró àti ìwé. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò tí ẹ kọ́ ṣe iṣẹ́. Ká ní ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Kétu sí Pobẹ̀: bíi kìlómítà 50.
Pobẹ̀ sí Sakété: bíi kìlómítà 30.
Sakété sí Àjàṣẹ́: bíi kìlómítà 30.
Àpapọ̀: bíi kìlómítà 110.

Ẹni tí ó di ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lè rin kìlómítà 12 ní wákàtí kan. Ẹ fi 12 pín 110. Ó lé ní wákàtí 9, láìka ìsinmi mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbéra ní aago 6 òwúrọ̀, tí ẹ sì fẹ́ dé Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní aago 12, ní aago 1, ní aago 2 àti ní aago 3. Wákàtí wọ̀nyẹn ni oòrùn ń pa ènìyàn.

Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì. Ẹ gbéra ní Kétu ní aago 6, kí iná wà lórí kẹ̀kẹ́ kí àwọn awakọ̀ akẹ́rù lè rí yín. Ẹ máa sinmi ìṣẹ́jú 10 ní gbogbo wákàtí. Ẹ ó dé Pobẹ̀ kí aago 11 tó lù. Ẹ dúró níbẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ jẹun, ẹ sùn. Ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ tún gbéra. Ẹ ó dé Sakété kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sùn níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbéra ní aago 6. Kí oòrùn tó le, ẹ ti wà ní Àjàṣẹ́.

Àwọn kan á sọ pé, «Ṣé èmi tí mo lágbára ni n ó sùn sójú ọ̀nà?» Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oòrùn kì í bá alágbára ṣeré. Kódà, alágbára ni ó sábà máa ń mú, nítorí òun ni kò fẹ́ dúró. Ara ènìyàn ní láti kọ́ ooru díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò tí ì gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́, kí ó kọ́kọ́ máa gun díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tí ó ń ṣu gbuuru, aboyún àti arúgbó, kí wọ́n má dán an wò.

Ohun tí ẹ ó mú dání nìyí. Omi mímọ́, ó kéré tán lítà 3, kí ẹ sì tún máa pọn sí i ní gbogbo ìlú tí ẹ bá kàn. Ẹ má dúró di ìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ yín. Ẹ mu ife kékeré kan ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Ṣùgbọ́n ẹ má da omi púpọ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí omi lásán tí ó pọ̀ jù ń ba iyọ̀ ara jẹ́. Òógùn ń kó iyọ̀ lọ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ jẹ oúnjẹ tí ó ní iyọ̀, bí ẹ̀kọ àti àkàrà, kí ẹ sì mu ọsàn. Ẹ má mu sọ́dábì lójú ọ̀nà. Kì í fúnni lágbára, ó ń mú kí ènìyàn má mọ̀ pé oòrùn ti mú òun.

Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò fún, tí apá rẹ̀ gùn, àti fìlà tí ó ń ṣíji bo ojú àti ọrùn. Ẹ wo táyà kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ó bá gbóná. Táyà tí ó ti gbó, tí a fún le dandan, lè bẹ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn. Ibi tí ẹ bá sinmi sí lábẹ́ ibòòji, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ wá síbẹ̀.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa sí èyí. Bí orí bá ń fọ́ yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń fà, bí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá ibòòji, ẹ mu omi. Ẹ lè po omi oníyọ̀: lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí kékeré 6 ṣúgà, àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Ẹ gé ojú ṣíbí tẹ́. Ẹ má fi kún iyọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, tàbí tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná jan-in-jan-in, ikú ti súnmọ́ ọn. Ẹ ní kí ó ka 10 padà sẹ́yìn dé 1. Bí kò bá lè kà á, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu. Kí ẹnìkan máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹnìkejì má dá omi dídà dúró. Ẹni tí oòrùn mú kì í fúnra rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà ni kò fi dára kí ènìyàn nìkan rin ọ̀nà jíjìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Iṣẹ́ tí a fún yín lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ kọ orúkọ ìlú kan tí ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ kọ iye kìlómítà rẹ̀. Ẹ fi 12 pín in. Ẹ kọ aago tí ẹ ó gbéra, ibi tí ẹ ó ti rí omi, àti ibi tí ẹ ó sinmi ní ọ̀sán. Ẹ ka ìwé náà sí ará ilé yín létí, kí wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti wá yín bí ẹ kò bá tètè dé.