Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso fún Ẹni tí Ó Ti Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀ràn tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ẹni tí ó ti tó ogójì ọdún, tí ó ní aya tàbí ọkọ, tí ó ní ọmọ, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 15 ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà láti Ọ̀nà Ọba Akran títí dé Ọgbà àti Agídíngbí, ǹjẹ́ ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún gbé ìwé, kí ó máa kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oyè Másítà, láìfi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Èmi wí pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá òye ni ó yẹ fún, kò yẹ fún ẹni tí ó ń wá ìwé ẹ̀rí nìkan. Ohun tí yóò sì gbà lọ́wọ́ ènìyàn ju ohun tí àwọn tí ń polówó rẹ̀ ń sọ lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń wí pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kò jókòó níwájú olùkọ́ kọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì London ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbé ní London rárá. Ọ̀nà yìí ni Alvan Ikoku, olùkọ́ ará ilẹ̀ Ìgbò, gbà tí ó fi gba oyè ní 1928. Ọ̀nà yìí kan náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tí ó fi gba oyè ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní 1944, kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Òyìnbó láti kọ́ òfin. Kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nígbà náà: ó ń ra kòkó, ó ń tà á, ó ń fi mọ́tò akẹ́rù ṣòwò, ó sì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá.

Nígbà tí ó yá, àwa pẹ̀lú ní tiwa. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1974. Ní 1983 ni a fi òfin dá yunifásítì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN sílẹ̀. Ọdún kan kò pé tí ìjọba ológun fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1984, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi tún un ṣí ní 2001. Ọbásanjọ́ tìkára rẹ̀, nígbà tí ó ti pé ọgọ́rin ọdún, gba oyè Dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní oṣù kìíní 2018. Nítorí náà, kí ẹni ogójì ọdún má ṣe sọ fún mi pé ojú ń ti òun.

Ẹ jẹ́ kí a bojú wo àdúgbò tí àwa ń gbé. Oko ni ó jẹ́ kí ó tó di ibi ẹ̀rọ. Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó Agége dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí J. K. Coker jẹ́ aṣíwájú láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wá ṣe lébìrà ní oko wọn ni ó sì padà sí ìlú wọn pẹ̀lú ọgbọ́n gbígbin kòkó lórí. Owó ọ̀yà wọn tán, ọgbọ́n náà kò tán. Lẹ́yìn èyí ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níhìn-ín ní 1962. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ ìjọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dá iṣẹ́ náà dúró ní 2008. Nígbà tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ìyà máa ń jẹ jù, bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé kò sí irú ẹ̀rọ náà ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣírò owó, bí a ti ń tọ́jú ọjà, bí a ti ń darí ènìyàn, tí ó sì mọ òfin iṣẹ́, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ẹni tí yóò gbà á.

Kí ni ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ń kọ́ni gan-an? Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Alábòójútó kan wà níwájú ẹ̀rọ tí ń rọ omi ọsàn sínú ìgò. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń dúró lójoojúmọ́, ó sì ti kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Bí ẹ̀rọ yìí bá ń rọ ìgò 200 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgò 6,000 ni kò jáde ní ọjọ́ náà; ní ọjọ́ iṣẹ́ 25 tí ó wà nínú oṣù, ó di ìgò 150,000. Ọjọ́ tí alábòójútó yìí bá kọ iye yìí sílẹ̀, tí ó kọ èrè tí ó wà lórí ìgò kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó sì kọ iye owó tí a ó fi ra ohun èlò tuntun sí ìsàlẹ̀, ọjọ́ náà ni ọ̀gá yóò fà á ní àga. Ohun tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ó sọ, èdè tí ó fi sọ ọ́ ni ó yàtọ̀.

Òmíràn tún nìyí, ó sì kan ẹ̀yin oníṣòwò pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ kan ra ìyẹ̀fun àti ṣúgà lónìí, ó sì san owó rẹ̀ lónìí. Àwọn tí ó ra bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní san owó títí di ọgọ́ta ọjọ́. Nínú ìwé, èrè wà. Nínú àpò, kò sí owó dísù, kò sí owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó kú pẹ̀lú èrè nínú ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wí pé ayé ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa yóò rí ikú náà láti òkèèrè.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òye nìkan ni ó ń lé ọ̀pọ̀ yín sí ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ HND wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan gba HND, ó kọ́ ọmọ kan ní iṣẹ́, ọmọ náà sì di ọ̀gá lé e lórí nítorí pé yunifásítì ni ó ti wá. Ó dun ènìyàn dé egungun. Ẹ jẹ́ kí ó yé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì wa, yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọdún kan tí à ń pè ní PGD kí wọ́n tó gbà á sí Másítà. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, kí ó bi í léèrè dáadáa kí ó tó fún un ní owó.

Nítorí pé àwọn tí ń ta ìwé ẹ̀rí pọ̀. Akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi ara pa mọ́, ó sì gba ìwé ẹ̀rí oyè yunifásítì láti Kútọnu láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìparí ọdún 2023 ni ó tẹ ìtàn náà jáde. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ àwọn ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò dúró. Ẹ wo iye ọmọ tí ó kàwé gidi ní ilẹ̀ wọ̀nyí tí a sì bá wọn kà mọ́ àwọn olè! Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àjọ NUC. Bí ó bá jẹ́ ti òkèèrè, ẹ wádìí bóyá àwọn tí ó ní àṣẹ ní ilẹ̀ tirẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì bi Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ léèrè bóyá wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ bi agbanisíṣẹ́ yín pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.

Olè mìíràn wà tí ó sún mọ́ wa ju èyí lọ. Ní NOUN, iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó ń gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, ìdánwò ni ó ń gba 70. Àwọn ènìyàn wà tí ń gba owó láti bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀rọ bí ChatGPT sì ti dé tí ó ń kọ ọ́ láìgba nǹkan kan. Kò burú kí ènìyàn bi ẹ̀rọ náà pé kí ó là á yé òun. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ tí ó ti wà ní ilé ẹ̀rọ fún ọdún 15 jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò rí Ìkẹjà rí bá a kọ àròkọ lórí ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ohun ìtìjú ni. Ibi tí òun ní ọlá lórí àwọn ọmọdé gan-an ni ó jọ̀wọ́ rẹ̀ yẹn.

Ní ti owó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ń gba dọ́là léwu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là 1 kò tó náírà 480 ní ọjà ìjọba. Ní oṣù kejì 2024 ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó ti ṣe àdéhùn láti san dọ́là 3,000, ohun tí kò tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà di mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ kí ọdún tó yípo. University of the People ti Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, kò gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba owó lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí. Ẹ ka dátà mọ́ ọn, èyí tí àjọ NCC yọ̀ǹda ní oṣù kìíní 2025 pé kí owó rẹ̀ lọ sókè títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ sì ka epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Bí owó ilé ìwé àwọn ọmọ bá wà nílẹ̀ láìsan, kí bàbá wọn dúró díẹ̀.

Ibi tí ó le jù ni ilé. Ẹ̀kọ́ yìí yóò gba wákàtí méjì lóru, ní ọ̀pọ̀ òru, fún ọdún méjì ó kéré tán. Ta ni ó ni àwọn wákàtí náà tẹ́lẹ̀? Aya ni, ọmọ ni, oorun ni. Kí ọkọ tó san owó àkọ́kọ́, kí ó jókòó pẹ̀lú aya rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu kò. Ní ti ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, n kò sì fẹ́ kí àwọn ọkùnrin tí ó wà níhìn-ín rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ń kàwé, gbogbo ilé a máa rìn jẹ́jẹ́ nítorí rẹ̀. Obìnrin tí ń kàwé, wọn a ní kí ó kọ́kọ́ sè ọbẹ̀ ná. Mo ti rí ìyá tí ó ń fetí sí olùkọ́ nínú fóònù bí ó ti ń gún iyán. Ọkọ tí ó fẹ́ jẹ nínú owó oṣù tuntun yẹn, kí ó kọ́ bí a ti ń gún iyán.

Láti oṣù kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí à ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láti Àgbádo, gba Ìjú àti Agége, dé Ìkẹjà títí lọ sí Oyíngbò. Ẹni tí ó bá ti rí àga jókòó nínú rẹ̀ ti rí ilé ìkàwé tí kò ní gó-sílóò. Kí ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sínú fóònù láti ilé, kí ó má ṣe dúró de nẹ́tíwọ̀kì lójú ọ̀nà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Másítà yẹ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìṣírò owó, ìdánwò ICAN lè ṣe é ní àǹfààní jù; ẹni tí ó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ bi àwọn CIPM léèrè ní ilé wọn ní Aláúsá, ibi tí kò jìnnà sí wa.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ Alága àti àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí máa ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, iná sì wà níbẹ̀. Bí a bá lè ṣí i ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́sàn-án, kí a fi tábìlì mẹ́fà sí i, kí ìjọ sì san owó íntánẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń san án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò bọ́ nínú rẹ̀. Ìkejì, ẹni tí ó bá wọ ẹ̀kọ́ yìí nínú wa, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ ìkórè àti ti àjọ̀dún fún ọdún méjì, kí a má sì ṣe sọ pé ó ti rẹ̀yìn nínú ìgbàgbọ́. Mo ti kọ ìbéèrè méjèèjì yìí sínú ìwé, ó sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.