Ó RẸ ÈLÍJÀ NÁÀ

Ìbàràpá méje, mo kí yín: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Làǹlátẹ̀, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà, Igángán. Àlàáfíà yóò jẹ́ ti ilé yín. Ẹ ṣe àmín!

Ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni mo gbé wá lónìí, àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa, ẹ sì mọ Aro. Níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé: aláìsàn ń gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, ó sì ń gba ìtọ́jú. Ìtọ́jú ọpọlọ, oògùn nìkan kọ́. Ojú ènìyàn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tútù wà níbẹ̀.

Kòrónà wá dé. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, kónílé-ó-gbélé ti wà ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Wọ́n ní ká jìnnà síra wa, ká lo ìbòmú. Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, nọ́ọ̀sì dé iwájú rẹ̀, ẹyinjú nìkan ló hàn! Ẹ̀rín tó fi ń tù ú nínú, ìbòmú ti bò ó. Bí aláìsàn bá ń jà, ṣé òkèèrè lèèyàn yóò ti dì í mú? Tí nọ́ọ̀sì bá délé, ẹ̀rù ń bà á láti gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ní oṣù karùn-ún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ ọkàn kì í tètè jáde.

Kí là ń sọ fún wọn? “Sístà, ẹ gbàdúrà sí i. Kì í rẹ ọmọ Ọlọ́run.” Irọ́ ni o! Ẹ lọ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà tó pe iná sọ̀kalẹ̀, òun náà ló jókòó sábẹ́ igi tó ní kí òun kú. Ṣé Ọlọ́run nà án? Rárá o. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì gbé oúnjẹ àti omi fún un. Ó tún sùn, ó tún jẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó dé, Ọlọ́run sì fi Èlíṣà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí oorun bá kọ̀ tí kò wá, bí inú bá ń bí yín sáá, bí àánú aláìsàn kò bá ṣe yín mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́, tí a kò bójú tó, ló ń fa irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ẹnìkejì yín níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ikú ló wu òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ìjọ, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ má pè wọ́n ní “nọ́ọ̀sì wèrè” mọ́. Ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé, ẹ má pè é wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé oúnjẹ lọ fún un, ẹ bá a mójú tó ọmọ, kó ráyè sùn. Bí àdúrà yín bá ti parí, ìyẹn ni iṣẹ́ áńgẹ́lì tó kù fún yín.

Olúwa yóò tu gbogbo ẹni tí ń tu ẹlòmíì nínú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.