Bí Iná Mànàmáná Bá Pa Òṣìṣẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Ẹ̀tọ́ Tí Òfin Fún Ẹbí Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Fìdítì, ẹ̀yin ará Ìlọrà, àti gbogbo ẹ̀yin ènìyàn Afijió tí ẹ péjọ sí yàrá ìkàwé lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kan ilé tí ọmọ wọn jáde lọ ṣiṣẹ́ lórí òpó iná, tí kò sì padà wálé mọ́.

Wáyà iná ńlá kì í ṣe ohun eré. Agbára rẹ̀ a máa tó volt 11,000 tàbí 33,000 kí tiransífọ́mà tó rọ̀ ọ́ sílẹ̀ di 230 tí ń wọ inú ilé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni pínpín iná ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ibadan Electricity Distribution Company ni ó ń pín in fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ṣì ń pè é ní NEPA. Káàkiri Nàìjíríà, irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe a sì wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbẹ́ ihò, tí yóò gbé òpó nàró, tí yóò fa wáyà. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Owó ojúmọ́ ni ó ń gbà. Bí jàǹbá bá dé, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni; agbaṣẹ́ṣe náà lè sọ pé lẹ́bìrà lásán ni olóògbé. Báyìí ni ẹbí fi máa ń rò pé kò sí ibi tí àwọn lè gbà.

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, tí a ṣe ní ọdún 2010, ka ẹni tí ń gba owó ojúmọ́, ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀, àti ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe ẹnu lásán ni a fi ṣe àdéhùn. Agbanisíṣẹ́ ni ó ní láti máa san owó sínú àpò kan tí àjọ ìjọba tí a ń pè ní NSITF ń ṣe àbójútó, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá san án ti rú òfin. Kò yẹ kí ẹbí tìtorí èyí fà sẹ́yìn.

Bí olóògbé bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá, òfin ní kí a máa san 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún wọn ní oṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan, 85. Ìpín àwọn ọmọ yóò máa wọlé títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 21 tàbí títí wọn yóò fi jáde yunifásítì, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Lábẹ́ òfin ọdún 1987 tí ó ṣáájú rẹ̀, owó oṣù 42 ni a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mọ bí owó ti í yára tán nílé ọ̀fọ̀ yóò mọ ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹbí tó gbọ́ orúkọ NSITF rárá, agbaṣẹ́ṣe ti lè dé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ àwọn àgbà, a ní kádàrá ni, a sì gbé owó ìsìnkú kalẹ̀. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ burú dandan. Ìbànújẹ́ lè ti bá òun náà. Àmọ́ ìwé kan lè tẹ̀lé owó náà, tí a kọ sínú rẹ̀ pé ẹbí kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Àbúrò bàbá olóògbé yóò tẹ ìka sí i, nígbà tí opó wà ní ìyẹ̀wù pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí kò mọ nǹkan kan. Òfin 2010 là á mọ́lẹ̀ pé àdéhùn tí òṣìṣẹ́ bá bá agbanisíṣẹ́ ṣe láti yááfì owó gbà-máà-bínú, ti ara rẹ̀ tàbí ti àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, asán ni. Nítorí náà, ẹ lè gba owó ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé. Ẹbí tí ó bá sì ti fọwọ́ sí i, kí ó ṣì lọ bá NSITF.

Ọjọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín ọjọ́ 14 ni àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ ní láti jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gbọ́. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 péré láti fi tó NSITF létí. Láàárín ọdún kan ni a sì ní láti béèrè owó náà. Ìyàwó tí ó jẹ́ Mùsùlùmí yóò jókòó opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ 14 yóò ti kọjá kí ó tó jáde. Kí ẹlòmíràn nínú ẹbí bá a kọ lẹ́tà náà, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú náà le. Kánkán ni a fẹ́ gbé òkú wọlẹ̀, pàápàá òkú ọ̀dọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí ọlọ́pàá gbọ́, kí dókítà sì yẹ òkú wò kí a tó sin ín. Iná mànàmáná a máa pa ènìyàn nígbà mìíràn láìfi àpá kan gbòógì sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé dókítà, ta ni yóò dá a lóhùn nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé àìsàn ọkàn ni ó pa á?

Ọ̀nà kejì ni ilé-ẹjọ́. Owó gbà-máà-bínú ni òfin fi rọ́pò ẹjọ́ lórí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó fa ikú náà, ẹbí lè yan èyí tí ó bá fẹ́: kí wọ́n gba owó náà, tàbí kí wọ́n pe ẹni yẹn lẹ́jọ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó tan iná padà nígbà tí ọmọ ṣì wà lórí òpó. Ó sì lè jẹ́ onílé tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ rán iná padà sínú wáyà ìta, tí tiransífọ́mà sì sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Ẹ̀tọ́ ẹbí láti pe ẹni tí ó fa ikú lẹ́jọ́ ti pẹ́; láti inú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1846 ni ó ti ṣẹ̀ wá. Yíyàn yìí kò ṣe é fi ẹnu lásán ṣe. Kí ẹ kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò. Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, a máa ran àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ, èyí tí ó di 70,000 náírà ní ọdún 2024.

Ìbàdàn ni NSITF àti Legal Aid Council ní ọ́fíìsì sí. Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó mú ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé dókítà, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti ohun tí ó fi hàn pé ìyàwó ni ìyàwó. Kí ó tún mú orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni méjì tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó tú ká lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn.