Opó Kì í Ṣe Ẹrù Ogún

 

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ọkùnrin kan nínú àwa ọlọ́jà ṣàìsàn, ó sì kú. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé éèdì ni. Kí ó tó pé ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí dé láti ilé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n ní ìyàwó ló pa á. Obìnrin tí wọ́n jọ ná ọjà fún ọdún 19 jáde pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti báàgì kan. Àwa tí a jọ ń ṣe ìpàdé dákẹ́. Ìtìjú wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹ̀tọ́. Nínú àṣà wa, ọmọ ni í jogún bàbá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ṣùgbọ́n ohun tí aya fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí fún aya ní ìdámẹ́jọ bí ọkọ bá ní ọmọ, ìdámẹ́rin bí kò bá ní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà gbè sẹ́yìn opó ará Awka kan tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé ọkọ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ọdún 2014 náà ni òfin jáde pé a kò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí kòkòrò HIV.

Kògbóògùn ni a ń pe àrùn yìí nígbà kan. Lónìí, ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ lè pẹ́ láyé kí ó sì máa ṣòwò. Obìnrin ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nígbà tí ó bá lóyún. Ẹni tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kọ́ ni ó mú un wálé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ ìwé ìhágún níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí ogún náà kò kàn. Kí ẹgbẹ́ yan àgbà ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò dúró ti opó, kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí a ó fi jókòó yanjú ọ̀rọ̀.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́la, ó lè jẹ́ ọmọbìnrin wa. Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí. Àṣẹ.